Bí A Ṣe Lè Mú Kí Labalábá Máa Wá sí Ọgbà Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ àgbàdo, iṣu, ẹ̀wà àti ajílẹ̀ ni a sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, labalábá ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ pa ìwé dé. Ọ̀rọ̀ labalábá kan igi ọsàn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó rà, ó kan ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé yín, ó sì kan oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n sí ibi tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń ṣeré.

Àwa tí a ti ilẹ̀ igbó wá sí ilẹ̀ ọ̀dàn yìí mọ̀ pé nínú oko kòkó, labalábá kì í wọ́n wa lójú. Níhìn-ín, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí ọyẹ́ sì dé, ènìyàn lè rò pé kò sí ìkankan mọ́. Wọ́n wà. Ní Nàìjíríà nìkan, irú labalábá tí ó wà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ọ̀dàn gan-an ni ilé wọn. Ìparí òjò, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá, ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, kí ni ó ń mú kí wọ́n yà sí ọgbà ẹnì kan, kí wọ́n sì fo ti ẹlòmíràn kọjá?

Àwọn kan yóò dáhùn pé òdòdó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Òdòdó dà bí ilé olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà: ẹni tí ó ń kọjá yóò yà, yóò jẹun, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí ènìyàn bá bímọ sí ni ó ń pè ní ilé. Ohun tí labalábá ń wá jù lọ ni ewé tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ labalábá, tí kò sì fẹ́ rí kòkòrò ajẹwé kan ṣoṣo, ohun tí ó ń wá kò sí, nítorí ọmọ labalábá ni kòkòrò náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi labalábá ọsàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì rí i. Ó tóbi, ó dúdú, tóótòòtó aláwọ̀ ìyeyè sì wà ní gbogbo ìyẹ́ rẹ̀. Papilio demodocus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí ó bá ń fa omi òdòdó mu, kì í dúró jẹ́ẹ́, ńṣe ni ìyẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n ṣáá. Abo rẹ̀ kì í kó ẹyin jọ sí ojú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń yé e sí ara ọ̀mùnú ewé ọsàn, òroǹbó tàbí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹyin náà yí roboto, kò ju orí píìnì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò kékeré kan yóò jáde. Nígbà èwe rẹ̀, ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ: ó dúdú níbì kan, ó funfun níbì kan, débi pé ẹyẹ fúnra rẹ̀ kò ní kà á sí oúnjẹ. Bí ó bá dàgbà, yóò di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá wá fi igi tọ́ ọ, yóò yọ ohun pupa rúsúrúsú kan tí ó là sí méjì bí ahọ́n ejò láti ẹ̀yìn orí rẹ̀, òórùn líle kan yóò sì tú jáde. Àwọn ọmọdé máa ń sá fún un. Kò ní ìta, kò sì lè bu ènìyàn jẹ. Ìdẹ́rùbà lásán ni.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ó fi ń jẹ ewé. Lẹ́yìn èyí, yóò wá ẹ̀ka kan, yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó hun láti ẹnu rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì di kókó kan tí kì í jẹ, tí kì í mu. Bí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn bá kọjá, kókó náà yóò là. Labalábá yóò jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tí ó rún wómúwómú, yóò rọ̀ sára igi títí ìyẹ́ náà yóò fi nà tí yóò sì gbẹ, kí ó tó fò. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, inú kókó yẹn ni ó lè wà fún ìgbà pípẹ́ títí ojú ọjọ́ yóò fi dára.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Irú labalábá kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewé tirẹ̀. Kòkòrò tí ó ń jẹ ewé ọsàn kò ní fẹnu kan àgbàdo, bí ebi tilẹ̀ ń pa á kú. Bí ẹ bá gbé e lé orí ewé ẹ̀wà, orí rẹ̀ ni yóò kú sí. Nítorí náà, ẹni tí ó gba àwọn labalábá tí a fẹ́ dárúkọ wọ̀nyí láàyè nínú ọgbà kò tìtorí rẹ̀ sin ọ̀tá sí oko àgbàdo rẹ̀.

ỌSÀN TITUN ÀTI KÒKÒRÒ RẸ̀

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọsàn. Igi ọsàn kékeré tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, kòkòrò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jẹ gbogbo ewé rẹ̀ tán pátápátá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹni tí ó ra irú ọsàn bẹ́ẹ̀, tí ó fi ọkọ̀ gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ń pọn omi sí i ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, kò ní fi ọwọ́ lẹ́rán kí labalábá máa yé ẹyin sí i. A kò sì ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ọsàn ńlá tí ó ti ń so, bí ogún kòkòrò bá wà lórí rẹ̀, ewé tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan tí igi náà yóò mọ̀.

Ohun tí a rí pé ó dára jù ni kí ọmọ kan máa yẹ ewé ọsàn kékeré wò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ní òwúrọ̀, lókè ewé àti lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá rí, kí ó já ewé náà pẹ̀lú kòkòrò orí rẹ̀, kí ó lọ gbé e lé orí igi ọsàn àgbà. Bí kò bá sí ọsàn àgbà nítòsí, igi àta tí a ń gé orín rẹ̀ rún wà nínú ọ̀dàn. Ìbátan ọsàn ni, kòkòrò yìí sì ń jẹ ewé rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ní ilé ìtọ́jú irúgbìn lè ta àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó ti gbó bo àwọn ọsàn náà títí wọn yóò fi lágbára. Kò sí ìdí kankan láti fọ́n oògùn sí igi ọsàn márùn-ún ẹ̀yìnkùlé nítorí kòkòrò tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi ọwọ́ kó.

ÀWỌN EWÉ TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ

Bọmubọmu ni a kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní tumfafiya, tí àwọn Fúlàní ń fi omi ewé rẹ̀ mú wàrà dì. Ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kò béèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹran kì í sì í sábà jẹ ẹ́. Bí igi bọmubọmu méjì bá wà ní òpin ọgbà yín, ẹ ó rí labalábá kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo, tí eteetí ìyẹ́ rẹ̀ iwájú dúdú, tí àmì funfun sì wà nínú dúdú náà. Kòkòrò tirẹ̀ rẹwà: ó ní ìlà dúdú, funfun àti ìyeyè yí ara ká, ó sì ní ohun dúdú bí ìwo méjì méjì ní ọ̀nà mẹ́ta ní ẹ̀yìn. Oje bọmubọmu lóró, oró yìí ni kòkòrò náà ń kó sínú ara, tí ó sì ń bá a lọ títí tí ó fi di labalábá. Ẹyẹ tí ó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan yóò bì í, kò sì ní dán an wò mọ́. Ìdí nìyí tí labalábá yìí fi ń fò jẹ́jẹ́ bí ọmọ ọba, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Nítorí pé ẹyẹ ń bẹ̀rù rẹ̀, òmíràn wà tí ó ń fara wé e. Kòkòrò ti òmíràn yìí ń jẹ pápásán, ewéko tí ó máa ń tẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀fọ́, tí ewé rẹ̀ nípọn. Abo rẹ̀ jọ labalábá bọmubọmu débi pé ó ṣòro kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oró kankan nínú. Akọ rẹ̀ ní tirẹ̀ dúdú, àmì funfun roboto ńláńlá sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò búra pé wọn kò tan.

Ìkìlọ̀ kan: oje funfun bọmubọmu kò gbọdọ̀ kan ojú ènìyàn, ó lè ba ojú jẹ́ gan-an. Ẹ má ṣe gbìn ín sí ibi tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ṣeré.

Akọ labalábá bọmubọmu yìí ní àṣà kan tí ó yani lẹ́nu. Ó máa ń wá ewéko ògbe àkùkọ tí ó ti rọ tàbí tí ó ti gbẹ, yóò bà lé e, yóò sì máa fa oje kíkorò inú rẹ̀ mu. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó ń wá níbẹ̀. Oje yẹn ni ó fi ń ṣe òórùn tí ó fi ń wá ìyàwó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí wọ́n ń fi owó ẹ̀wà ra lọ́fínńdà kò dá nìkan wà. Nígbà tí ẹ bá tu ògbe àkùkọ nínú ọgbà, ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ dì í ní ìdì kékeré, kí ẹ so ó kọ́ sí ibi tí oòrùn wà, kí ẹ sì wo ohun tí yóò wá bà lé e.

Èkejì ni asunwọ̀n òyìnbó, tí àwọn ìyá wa ń fi ewé rẹ̀ wo làpálàpá ara, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ gbogbo, títí kan rẹ́rẹ́ tí ó ń hù lórí ààtàn. Àwọn ni oúnjẹ ọmọ labalábá funfun kan, tí abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè nígbà mìíràn. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un ni African Migrant, èyí ni pé àtìpó ni wọ́n pè é. Orúkọ náà sì bá a mu. Ní àwọn àkókò kan, ẹ ó rí wọn lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, wọn yóò máa fò lọ sí ọ̀nà kan náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ wà níbì kan. Àwọn àtìpó mìíràn wà tí ọ̀nà tiwọn jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Labalábá tí wọ́n ń pè ní Painted Lady ń ti Yúróòpù fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà nígbà òtútù wọn lọ́hùn-ún. Ní 2013, wọ́n rí díẹ̀ nínú wọn ní etíkun French Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024 sì fi hàn pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra, tí wọ́n fi ìyẹ́ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé la òkun tí ó ju 4,000 kìlómítà lọ kọjá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àbo, igi kúkúrú inú ọ̀dàn tí èso rẹ̀ ń ta sánsán bí ó bá pọ́n. Bí ẹ bá ń ṣán ilẹ̀ ọgbà, ẹ dá ọ̀kan sí. Àwọn ọmọ yóò jẹ èso rẹ̀, labalábá aláwọ̀ dúdú òun funfun kan tí ó ń sáré fò yóò sì fi ewé rẹ̀ tọ́ ọmọ.

ÒDÒDÓ, ẸRẸ̀ ÀTI ÈSO TÍ Ó TI RÀ

Ní ti òdòdó, ẹ má ṣe náwó. Imí eṣú tí a máa ń tu dànù ní òdòdó wẹ́wẹ́ tí labalábá fẹ́ràn púpọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní igun kan kí ó tan. Nínú ewúro yín, ẹ yan igi kan tí ẹ kò ní máa já ewé rẹ̀ mọ́ bí òjò bá ti ń lọ. Ní inú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí òdòdó wọ́n, yóò tan òdòdó funfun olóòórùn dídùn, oyin àti labalábá yóò sì máa rọ́ lù ú. Agbálẹ̀ tí ó ń tan òdòdó bí oòrùn lẹ́bàá títì náà dára, ewé rẹ̀ sì tún jẹ́ ajílẹ̀ fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa gé e kí ó má baà gba oko.

Méjì wà tí a kò fọwọ́ sí. Ọ̀kan ni ẹwọ̀n adélé. Lóòótọ́ ni labalábá fẹ́ràn òdòdó rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ lóró fún màlúù àti àgùntàn, ó sì ń ràn bí iná. Àwa tí a ń bá àwọn Fúlàní darandaran gbé pọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a bá òkú màlúù lẹ́yìn ọgbà wa. Èkejì ni ewé Akíntọ́lá. Òun náà ń fa labalábá nígbà tí ó bá tan ní oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n ó ń fa tata pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì ní ẹ̀gẹ́ lóko mọ ohun tí tata ń ṣe.

Ẹ gbin òdòdó sí ojú kan ní wọ́ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fọ́n wọn káàkiri. Ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń kọ́kọ́ dé, tí ògiri tàbí ọgbà sì dí afẹ́fẹ́ fún, ni kí ẹ yàn, nítorí labalábá kò lè fò dáadáa bí ara rẹ̀ kò bá tíì móoru.

Ẹ óò ti rí labalábá púpọ̀ tí wọ́n kóra jọ sórí ilẹ̀ tútù létí odò tàbí ní ibi tí màlúù ti tọ̀. Akọ ni púpọ̀ nínú wọn, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń fà mu. Ibi tí omi balùwẹ̀ yín ń ṣàn gbà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ da iyanrìn síbẹ̀, kí ẹ wọ́n eérú díẹ̀ sí i. Kí ó máa tutù ni a fẹ́; kò gbọdọ̀ di adágún, nítorí omi tí ó bá dúró, ẹ̀fọn ni yóò gbà á.

Àwọn labalábá ńlá kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ wo òdòdó. Alágbára ni wọ́n, wọ́n ń fò bí ẹyẹ, ìrù kékeré méjì méjì sì wà ní ìdí ìyẹ́ wọn. Máńgòrò tí ó ti rà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti dúdú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu tàbí ti bùrùkùtù ni oúnjẹ tiwọn. Ẹ kó o sínú àwo fífẹ̀ kan, kí ẹ so ó rọ̀ sí ẹ̀ka igi, kí ẹ sì fi gírísì pa okùn rẹ̀ kí èèrà má baà sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ti mu yó, ènìyàn lè sún mọ́ wọn títí yóò fi ka àmì ara wọn.

ÀFÒPINÁ ŃKỌ́?

Ó yẹ kí a ya labalábá sọ́tọ̀ kúrò lára àfòpiná, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan ni a fi ń pa èkejì. Labalábá ń fò ní ọ̀sán, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ ní kókó ní ṣóńṣó. Àfòpiná ń fò ní alẹ́, ìwo tirẹ̀ kò ní kókó, ó dà bí fọ́nrán òwú tàbí ìyẹ́ ẹyẹ. Àwọn kòkòrò tí ó ń jẹ wá lóko ní tòótọ́, ọmọ àfòpiná ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn: èyí tí ń lu èso ẹ̀wà, èyí tí ń gbẹ́ inú pòròpórò, àti armyworm tí ó ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ wa ní 2016, tí ó ń jẹ ọkàn àgbàdo. Ẹ ó fi àmì orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìlà funfun bí igi onípàlàka tí a dojú rẹ̀ dé, àti tóótó dúdú mẹ́rin ní ìdí rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ bá jà, lóko àgbàdo.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àfòpiná ni ọ̀tá. Kòkòrò ara igi ẹmi tí àwọn kan ń pè ní mọ́nímọ́ní, tí a ń sè, tí a ń sá gbẹ, tí a ń tà lọ́jà ní Kwara àti ní Niger, ọmọ àfòpiná ni. Aṣọ sányán tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ ṣe ìgbéyàwó, ilé tí kòkòrò àfòpiná hun ni a ti rí òwú rẹ̀. Haúsá ń pe òwú náà ní tsamiya bí wọ́n ti ń pe igi àjàgbọn, nítorí lórí igi yẹn ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ tún wo ìbẹ́pẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àfòpiná ńlá kan máa ń wá dúró sí ojú afẹ́fẹ́ níwájú òdòdó ìbẹ́pẹ, ìyẹ́ rẹ̀ ń yí fírífírí, yóò na ẹnu gígùn rẹ̀ sínú òdòdó akọ, lẹ́yìn náà sínú òdòdó abo. Irú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ìbẹ́pẹ so. Ọmọ rẹ̀ ni kòkòrò ńlá tí ó ní ìwo kan ṣoṣo ní ìdí, tí ẹ máa ń rí lára ewé ọ̀dùnkún tàbí kókò. Ọ̀kan tàbí méjì nínú ebè ọ̀dùnkún kò ní ba ọ̀dùnkún jẹ́. Ẹ dá wọn sí.

Ní ti ẹ̀gúsí àti elégédé, oyin ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù, kì í ṣe labalábá. Ṣùgbọ́n ọgbà tí labalábá bá ti ń gbé, oyin náà yóò gbé ibẹ̀, ohun tí ó sì ń pa ọ̀kan ni ó ń pa èkejì.

Ohun náà ni oògùn. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí Gammalin 20 tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó. Lindane ni oògùn inú rẹ̀. Ní 2009, àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ jáwọ́ lílò wọn nínú oko, nítorí kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ara ènìyàn. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápiàpià, nínú ìgò kékeré. Síbẹ̀, a ṣì ń rí oògùn tí kò ní orúkọ nínú ìgò ohun mímu ní àwọn ọjà oko. Ẹ má ṣe mú irú rẹ̀ wọ inú ọgbà ilé láéláé. Ọgbà ilé ni a ti ń já ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ alẹ́, ibẹ̀ ni ọmọ tí ó ń rá ti ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ̀fọ́ yín jù, ẹ lo èso dongóyárò. Ẹ gún kóró inú rẹ̀ tí ó gbẹ, ìwọ̀n gíráàmù 500 sí omi lítà mẹ́wàá, ẹ rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé. Kòkòrò tí ó bá jẹ ewé náà ni ó ń bá jà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa èyí tí ó wá mu omi òdòdó. Nítorí náà, orí ẹ̀fọ́ nìkan ni kí ẹ fọ́n ọn sí, kí ẹ má ṣe kan asunwọ̀n, bọmubọmu àti ọsàn àgbà.

Àwọn ìyá ilé yóò sọ pé gbogbo koríko tí a ní kí wọ́n dá sí yìí, ejò ni yóò sá pamọ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ máa gbá àyíká ilé mọ́ tónítóní bí ẹ ti ń ṣe, ó kéré tán ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láti ara ògiri. Òpin ọgbà, níbi tí ẹ kì í rìn dé lóru, ni kí ewé labalábá wà. Bákan náà, kí ẹ tó gbin igi tí ń pẹ́ láyé sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ lọ sọ fún onílẹ̀ tàbí àwọn alábòójútó ibùdó. Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó gbin igi ni a ń wò bí ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀. Bọmubọmu, asunwọ̀n, imí eṣú àti ewúro kò lè dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbin asunwọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yóò ti rí ẹyin lára ewé rẹ̀ kí òjò tó parí. Bí ó bá wá di oṣù kọkànlá, tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí dáná sun ọ̀dàn, ẹ ro ilẹ̀ yí igun ọgbà yín ká, kí ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì gbá ewé gbígbẹ ojú rẹ̀ kúrò. Àwọn kókó tí yóò là ní ọdún tí ń bọ̀ wà níbẹ̀ lára igi, wọn kò sì lè sá fún iná.